Epo àti Omi ń Jà Du Mẹ́tàlì: Àgbéyẹ̀wò Irú Ẹ̀rọ Ńlá Tí Yóò Là Wọ́n

Ìbéèrè náà kò gùn: bí ásíìdì bá ti yọ́ mẹ́tàlì sínú omi, tí a sì fẹ́ fi epo fa mẹ́tàlì náà jáde lọ́pọ̀ yanturu, irú ẹ̀rọ wo ló yẹ kí a kọ́? Ìdáhùn rẹ̀ ló pọ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń bá ara wọn fà á, olúkúlùkù sì ní ilé-iṣẹ́ tó lè nàka sí pé tòun ṣiṣẹ́.

Kò sí irú ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Ní Yunifásítì Ìlọrin, Ọ̀jọ̀gbọ́n Alafara Baba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí a ṣe ń fi ásíìdì àti epo gba mẹ́tàlì lára òkúta ilẹ̀ wa. Ní 2009 wọ́n tẹ ìwádìí jáde lórí òkú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, irú èyí tí à ń jù sórí ààtàn lójoojúmọ́. Federal Polytechnic Ọ̀fà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ iná àti iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò. Ohun tí yàrá àyẹ̀wò kò lè dá lóhùn fúnra rẹ̀ ni bí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò kan yóò ṣe rí nínú àgbá tó tóbi bí ilé. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn tó ti rí i lójú ni àwọn òṣìṣẹ́ Arlit nínú aginjù orílẹ̀-èdè Niger: ilé-iṣẹ́ SOMAÏR bẹ̀rẹ̀ sí í yọ yuréníọ̀mù ní 1971, COMINAK tẹ̀ lé e ní 1978, èyí kejì sì ti ilẹ̀kùn ní oṣù Kẹta ọdún 2021. Epo ni àwọn méjèèjì fi fà á yọ.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá ti dúró ti ẹkù rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Nínú ẹkù, wọ́n á po ẹyìn tí wọ́n ti gún mọ́ omi, epo á léfòó, wọ́n á sì bù ú kúrò lórí omi. Ní ilé-iṣẹ́ mẹ́tàlì, epo kì í ṣe ohun tí à ń wá. Òun ni ìránṣẹ́ tí a rán sínú omi láti lọ mú mẹ́tàlì wá. Ásíìdì ti kọ́kọ́ jẹ òkúta, bàbà tàbí síǹkì tàbí yuréníọ̀mù ti wọ inú omi, irin àti oríṣiríṣi ìdọ̀tí sì bá a wọlé. A wá da kẹrosín tí wọ́n ti po oògùn kan mọ́ sínú omi yẹn. Oògùn yìí ló mọ ẹni tí yóò mú: ìdílé LIX fún bàbà, D2EHPA fún síǹkì, àmínì fún yuréníọ̀mù. A pò wọ́n, a jẹ́ kí wọ́n tòrò, epo tó ru mẹ́tàlì á bọ́ sókè. Omi mìíràn tó lè gba mẹ́tàlì lọ́wọ́ epo ni a ó tún pò mọ́ ọn. Ti bàbà, ásíìdì tó le ni. Epo á padà sẹ́nu iṣẹ́, iná mànàmáná á sì sọ bàbà inú ásíìdì di pátákó tó mọ́ tónítóní.

Wàhálà wà nínú ọ̀rọ̀ méjì, pípò àti títòrò. Bí a bá pò ó kíkankíkan, epo á fọ́ sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́, ojú ibi tí epo àti omi ti ń kan ara wọn á pọ̀, mẹ́tàlì á tètè kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán wẹ́wẹ́ kì í tètè para pọ̀. Díẹ̀ nínú wọn á bá omi lọ, owó epo sì lọ nìyẹn. Bí a bá rọra pò ó, yóò tètè tòrò, àmọ́ mẹ́tàlì á ṣẹ́ kù sínú omi.

Bí ẹ̀rọ bá wá ń tóbi, ọ̀rọ̀ náà á tún le sí i. Ká sọ pé a fi abẹ̀bẹ̀ ìpo kékeré ṣe àdánwò, tí a wá kọ́ èyí tó fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, tí àgbá rẹ̀ náà tóbi ní ìwọ̀n kan náà, tí a sì fún lítà kọ̀ọ̀kan ní agbára tí a fún un nígbà àdánwò. Ìṣirò fi hàn pé etí abẹ̀bẹ̀ ńlá yóò sáré ju ti kékeré lọ ní ìlọ́po méjì ó lé díẹ̀, bẹ́ẹ̀ iye ìgbà tí ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan yóò lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ̀kán tó bá bọ́ sí etí abẹ̀bẹ̀ á fọ́ jù, àwọn tó wà ní kọ̀rọ̀ àgbá á sì pẹ́ kí wọ́n tó kan abẹ̀bẹ̀. A lè di agbára mú bí ẹ̀rọ ṣe ń tóbi, a lè di eré etí abẹ̀bẹ̀ mú, a lè di iye ìyípo mú. A kò lè di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú pọ̀. Ọ̀nà tí oníṣẹ́ bá yàn láti fi bọ́ nínú wàhálà yìí ló ń fi ẹgbẹ́ tó wà hàn.

Ẹgbẹ́ àpótí

Ẹgbẹ́ yìí ló lérò jù, òun náà ló sì ní ilé-iṣẹ́ jù láyé. Àpótí rẹ̀ ní yàrá méjì: ọ̀kan tí abẹ̀bẹ̀ ti ń pò ó, àti agbada pẹrẹsẹ tí àdàlù ń ṣàn gbà títí yóò fi tòrò. Ibi ìwakùsà Bluebird ní Arizona, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọ̀nà yìí yọ bàbà fún títà, ní 1968. Kò pé ọdún mẹ́wàá kí Áfíríkà tó gbé e dé ìwọ̀n tí ayé kò tíì rí: ilé-iṣẹ́ Nchanga ní Chingola, ní Zambia, tó ń fọ pàǹtí ìwakùsà àtijọ́ láti ṣa bàbà tó kù nínú rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1970, kò sí irú rẹ̀ tó tóbi tó o níbikíbi.

Ohun tó mú kí àpótí gbilẹ̀ ni pé ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ìpele kọ̀ọ̀kan dá dúró: bí mẹ́tàlì kò bá kọjá tán nínú àpótí àkọ́kọ́, àpótí kejì ń dúró dè é. Bàbà kì í yára fò sínú epo bí yuréníọ̀mù. Ó fẹ́ kí wọ́n pò ó fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, àpótí sì lè fún un ní àkókò yẹn láìṣe wàhálà. Oníṣẹ́ lè yọjú wo ibi tí epo àti omi ti pààlà. Bí omi bá pọ̀ sí i lónìí tó sì dín kù lọ́la, àpótí á gbà á mọ́ra.

Ilẹ̀ ni àlébù rẹ̀ àkọ́kọ́. Ká mú omi mílíọ̀nù kan lítà ní wákàtí kan, èyí tí kò ṣàjèjì ní ilé-iṣẹ́ bàbà, kí epo tó tó bẹ́ẹ̀ bá a rìn. Agbada ìtòrò a máa gba nǹkan bí 4,000 sí 5,000 lítà ní wákàtí kan fún mítà onígun mẹ́rin kan. Ìpele kan ṣoṣo yóò gba 400 sí 500 mítà onígun mẹ́rin nìyẹn. Plọ́ọ̀tì ilẹ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn, kò ju 465 lọ. Ìpele kan, plọ́ọ̀tì kan, ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì ni ilé-iṣẹ́ bàbà sábà máa ń ní. Bí epo inú agbada bá jìn tó sẹ̀ǹtímítà 25, ó ti tó 100,000 sí 125,000 lítà, ẹrù táńkà 33,000 lítà mẹ́ta sí mẹ́rin, tó tẹ́ sílẹ̀ lójú kan.

Epo tó tẹ́ rẹrẹ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, ó sì lè gbiná. Ibi ìwakùsà Olympic Dam ní Ọsirélíà jóná ní ibi ìfàyọ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1999, ó tún jóná ní oṣù Kẹwàá 2001, kò tó ọdún méjì síra wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn ayàwòrán ilé-iṣẹ́ ti ń fi àlàfo sáàárín àwọn agbada, tí wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà tí yóò gbé epo tó bá dànù jìnnà sí iná, tí wọ́n sì ń ṣọ́ páìpù oníke, nítorí epo tó ń sáré nínú rẹ̀ máa ń kó iná mànàmáná jọ. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí pàtàkì ju owó ilẹ̀ lọ. Plọ́ọ̀tì ṣe é rà. Ẹni tó bá jóná kò ṣe é rà padà.

Àlébù kejì ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àárín: ìdọ̀tí, yanrìn tó ti yọ́ tó sì dì bí ẹ̀kọ, àti oògùn tó ti bàjẹ́, tí wọ́n dì mọ́ra ní ààlà epo àti omi. Bí ó bá nípọn, ó ń ṣí kiri láti agbada kan sí èkejì, ilé-iṣẹ́ á sì dúró. Kò sí ẹgbẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí, tó ń pa afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ àdàlù, ni ó ń bí i jù.

Nínú ẹgbẹ́ yìí pàápàá, ẹnu wọn kò kò. Àwọn ará Finland, ní ilé-iṣẹ́ Outokumpu, ní abẹ̀bẹ̀ kíkankíkan ni ẹlẹ́ṣẹ̀; wọ́n ya iṣẹ́ pípò kúrò lára iṣẹ́ gbígbé omi, pọ́ǹpù jẹ́jẹ́ ló ń gbé omi, ẹ̀rọ ìpo tó dà bí ọ̀já tó lọ́ gòkè ló ń pò ó. Ilé-iṣẹ́ Krebs ti ilẹ̀ Faransé gbé gọ́tà tí àdàlù ń ṣàn gbà sókè orí agbada kí ilẹ̀ lè dín kù. Davy ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú láti kó pípò àti títòrò sínú àgbá kan ṣoṣo. Kò sí èyí tí kò ṣiṣẹ́ nínú wọn, kò sì sí èyí tó lé àwọn yòókù kúrò lọ́jà.

Ẹgbẹ́ òpó

Àwọn wọ̀nyí ní kí a dìde dúró. Òpó gíga ni tiwọn: omi ń gba òkè wọlé, epo ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, wọ́n ń kọjá lára ara wọn láàárín àwọn àwo oníhò, ẹ̀rọ kan sì ń gún omi inú òpó sókè sódò bí ìmí. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Van Dijck gba ìwé àṣẹ lórí èrò náà ní 1935, àmọ́ iṣẹ́ bọ́ǹbù àti iná átọ́míìkì ló gbé e dé ipò ńlá. Àpẹẹrẹ kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ ẹ̀rọ yìí fo dá. Amẹ́ríkà ní ọ̀nà kan náà láti fi epo ya yuréníọ̀mù àti plutonium sọ́tọ̀, wọ́n ń pè é ní PUREX. Ní Savannah River, ní 1954, àpótí ni wọ́n fi ṣe é. Ní Hanford, ní 1956, òpó ni. Oògùn kan náà, ìjọba kan náà, ẹ̀rọ méjì. Àwọn méjèèjì sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Òpó kò gba ilẹ̀, ó ní ìdérí, epo kì í fẹ́ lọ, iná kò sì tètè rí i mú. Ó ń po àdàlù pẹ̀lẹ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Nítorí náà ni Olympic Dam fi gbé òpó wá fún yuréníọ̀mù rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990, nígbà tí bàbà rẹ̀ dúró sínú àpótí. Iṣẹ́ tó bá fẹ́ ìpele púpọ̀, tí mẹ́tàlì rẹ̀ sì yára, ló yẹ òpó jù.

Ṣùgbọ́n bí òpó bá ti sanra ni iṣẹ́ rẹ̀ ń burú. Nínú òpó tẹ́ẹ́rẹ́ ti yàrá àyẹ̀wò, epo ń lọ sókè tààrà. Nínú òpó tó fẹ̀ ní mítà méjì tàbí mẹ́ta, apá kan á máa lọ sókè, apá kan á yí padà sísàlẹ̀, èyí tó ti ru mẹ́tàlì á tún dàpọ̀ mọ́ èyí tí kò tíì ru nǹkan kan. Gíga tí ìpele kan ń gbà á wá máa pọ̀ sí i, kò sì sí ìlànà kan tí gbogbo wọn gbà fún iye tí yóò fi pọ̀. Bàbà tó ń lọ́ra tún fẹ́ àkókò tí òpó kò ní.

Ẹgbẹ́ ayíbírí

Bí ó bá jẹ́ pé wíwúwo omi ló ń jẹ́ kí ó tòrò, kí ló dé tí a kò fi sọ ọ́ di wíwúwo sí i? Ẹ̀rọ ayíbírí ń yí àdàlù pẹ̀lú eré tó pọ̀ débi pé ohun tó ń gba ìṣẹ́jú púpọ̀ nínú agbada á yanjú ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Podbielniak yọ penicillin láti àwọn ọdún 1940. Savannah River náà gbé ayíbírí wọ iṣẹ́ yuréníọ̀mù ní 1966. Epo inú rẹ̀ kéré gan-an, ilẹ̀ tó ń gbà kò tó nǹkan. Àmọ́ ìyẹ̀pẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀, irin rẹ̀ wọ́n, ẹni tó lè tún un ṣe kò sì pọ̀. Fún mẹ́tàlì olówó iyebíye tí omi rẹ̀ mọ́, ó tọ́. Fún omi òkúta tó ṣì ní ẹrẹ̀ nínú, n kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi gbé e wá.

Àwọn tó ní kí a fi epo sílẹ̀

Ohùn kan tún wà tó ní ìbéèrè náà gan-an ni kò tọ́. Àwọn kan ní kí a da ẹfun sínú omi kí mẹ́tàlì dì sísàlẹ̀, kí a tà á fún ẹni tó ní ilé-iṣẹ́ ńlá. Àwọn kan ní kí a lo hóró ike tó ń di mẹ́tàlì mú. Àwọn mìíràn ní kí awọ tín-ín-rín dúró sáàárín epo àti omi kí wọ́n má tilẹ̀ dàpọ̀ rárá, kí ìtòrò má sì sí nínú iṣẹ́ náà mọ́. Ti awọ ló wù mí jù lójú ìwé, àmọ́ awọ ń dí, ó sì ń gbó, n kò sì tíì rí i kí ó rọ́pò àpótí nílé-iṣẹ́ bàbà ńlá kan. Dídì sísàlẹ̀ rọrùn, ó sì jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú jáde kò mọ́, ẹni tó rà á ló sì ń jẹ èrè tó kù.

Ìyapa mìíràn: ṣé àdánwò ni tàbí ìṣirò?

Àwọn tó gbà lórí àpótí lè máà gbà lórí bí a ṣe ń mọ ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ bàbà ní kò sí ohun tó lè rọ́pò ilé-iṣẹ́ kékeré tí a fi omi gidi láti inú òkúta gidi dán wò fún oṣù díẹ̀. Ẹ̀rí wọn lágbára: kò sí ìṣirò tó sọ tẹ́lẹ̀ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ kò tó fún epo láti gbó, owó rẹ̀ sì ń dẹ́rù ba àwọn tí kò ní ilé ìfowópamọ́ lẹ́yìn.

Ní Ṣáínà, Xu Guangxian ti Yunifásítì Peking mú ọ̀nà mìíràn wá ní àwọn ọdún 1970. Àwọn mẹ́tàlì tí wọ́n ń pè ní rare earth jọra bí ìbejì. Láti ya wọ́n, ó lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpótí ní títò. Ẹni tó bá fẹ́ dán irú ìyẹn wò ní kékeré yóò fi ọdún púpọ̀ ṣe é. Xu ṣe ìṣirò ìgbékalẹ̀ wọn débi pé ilé-iṣẹ́ lè ti orí ìwé bọ́ sí iṣẹ́ ńlá tààrà, láìṣe àdánwò àárín. Ọ̀nà yìí wà lára ohun tó sọ Ṣáínà di ọ̀gá lórí àwọn mẹ́tàlì wọ̀nyí. Kì í ṣe pé àwọn àgbà bàbà kò gbọ́n. Omi Xu mọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Omi òkúta tí a gé láti inú ihò kan lónìí, tí a tún gé láti ihò mìíràn lọ́la, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán bí omi ṣe ń yí nínú àgbá ti ràn wá lọ́wọ́ lórí ìrísí abẹ̀bẹ̀ àti gọ́tà àdàlù. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni bí ẹ̀kán méjì tó ní ìdọ̀tí lára ṣe ń di ọ̀kan. Àwọn mìíràn sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: wọ́n ní kí a má sọ àpótí kan di ńlá, kí a to kékeré púpọ̀ síra wọn. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìyókù ń ṣiṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù, páìpù àti ojú tí yóò máa ṣọ́ wọn á pọ̀ ní ìlọ́po.

Nígbà tí iná bá lọ

Ìwé púpọ̀ lórí ẹ̀rọ yìí ni wọ́n kọ níbi tí iná kì í ti í lọ. Ní Nàìjíríà, ní 2024 nìkan, ètò iná mànàmáná orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tó bá ń ronú láti Ọ̀fà fi ìbéèrè yìí ṣáájú iye ilẹ̀. Bí iná bá lọ lórí àpótí, abẹ̀bẹ̀ á dúró, epo á bọ́ sókè, omi á bọ́ sísàlẹ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan á sì di ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú. Iná dé, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Nínú òpó, gbogbo epo á rọ́ lọ sókè, gbogbo omi á rọ́ wá sísàlẹ̀, ètò ìpele tó ti gba wákàtí púpọ̀ láti kọ́ á sì tú ká. Ayíbírí á da ohun inú rẹ̀ pọ̀ bí eré rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀. Lórí kókó yìí, mo gbè sẹ́yìn àpótí láìṣiyèméjì, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì oòrùn lè yí ìdájọ́ yìí padà fún ilé-iṣẹ́ kékeré.

Fún òkú bátìrì àti àwọn àlòkù tí ìlú bí Ọ̀fà lè kó jọ, omi tí yóò jáde kò ní sún mọ́ mílíọ̀nù lítà ní wákàtí kan. Àpótí oníke tí oníṣẹ́ ọwọ́ lè jó pọ̀, tó tóbi tó tábìlì, lè tó. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ kéré ni ìpamọ́ omi ìdọ̀tí rẹ̀: ásíìdì tó ṣẹ́ kù àti epo tó bá a lọ kò gbọ́dọ̀ dé odò Ọ̀yún.

Ohun tí kò tíì yanjú

A kò tíì lè wo òkúta kan kí a sọ, ṣáájú àdánwò, bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. A kò tíì ní ìlànà kan tí gbogbo ẹgbẹ́ gbà fún bí òpó tó sanra ṣe ń pàdánù ìpele. Ìbéèrè kẹrosín tiwa náà ṣì wà nílẹ̀: èyí tí wọ́n ń tà fún ilé ìdáná tètè ń gbiná ju epo tí ilé-iṣẹ́ ìfàyọ máa ń rà lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ohun tó ṣiṣẹ́ nínú ìgò lábẹ́ ojú olùkọ́ yóò wà láìléwu nínú agbada. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ iná: lẹ́yìn ìgbà mélòó tí iná bá lọ tó sì dé ni àpótí kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù epo, àti mélòó?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kò nílò owó Arizona. Àpótí kékeré mẹ́rin ní títò, omi láti inú òkú bátìrì, àti ìwé tí wọ́n ń kọ sí lójoojúmọ́ ni ó ń fẹ́. Mo bẹ àwọn olùkọ́ Federal Polytechnic Ọ̀fà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìlọrin kí wọ́n tò ó, kí wọ́n so ó mọ́ iná ìlú bí iná ìlú ṣe rí, kí wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n bá rí jáde.